Owó Ẹgbẹ́ Nínú Fóònù: Iṣẹ́ Olórí Ni

Àpótí àjọ ní àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta. Kí ló wá dé tí owó wọ inú MoMo, tí ẹnì kan mú fóònù, tó tún mọ kóòdù?

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, iṣẹ́ yín nìyí: kí ẹnì kan tọ́jú fóònù, kí ẹlòmíràn mọ kóòdù. Kí akọ̀wé ka iye tó kù sókè ní gbogbo ìpàdé. Bí ẹ bá yan ẹlòmíràn, ẹ pààrọ̀ kóòdù lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá pè pé MTN ni òun, tó béèrè kóòdù, olè ni. Olórí tó bá sì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ ti la ògiri fún aláǹgbá.