Iná Àbíjàn, Ilẹ̀ Ẹlòmíràn

Láti èbúté Treichville ní Àbíjàn, ọkọ̀ ojú omi gbé wa gba orí ọ̀sà Ébrié lọ sí Abobo-Doumé, níbi tí àwọn awakọ̀ takisí wôrô-wôrô ti ń pariwo Yopougon. Ẹni tó mú mi lọ́wọ́ jẹ́ ọmọ Èjìgbò kan tó ti pẹ́ nídìí òwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adjamé. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú mi dé Azito.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni mo fẹ́ lọ wò níbi tí kò sí ju ẹ̀rọ iná àti attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, lọ. Nǹkan méjèèjì yẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ wá.

Abúlé àwọn Ébrié ni Azito, àwọn tó ń pe ara wọn ní Tchaman. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ilé Yopougon tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, ọgbà irin la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀pá èéfín. Ariwo ẹ̀rọ náà kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ó kàn ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni, títí ẹni yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ọdún 1999 ni ilé iná onígáàsì yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ lójú léraléra, agbára rẹ̀ ti di mẹ́gáwáàtì 713, iná tó ń pèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta iná orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ẹ̀gbọ́n wo ọgbà náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ibi kékeré báyìí ni iná fíríìjì òun ti ń wá.

Kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fẹ́ fi oòrùn pèsè mẹ́gáwáàtì kan, ilẹ̀ tí yóò gbà á tó hẹ́kítà kan sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ 713 yóò wá ilẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, a ò sì tíì dé orí ọ̀rọ̀ alẹ́, nígbà tí oòrùn bá wọ̀, tí àwọn ará àdúgbò Cocody bá tan ẹ̀rọ amúlétutù wọn. Abẹ́ òkun ni gáàsì ti ń bọ̀. Ẹja ni yóò bínú bí ẹnikẹ́ni bá máa bínú. Ti oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí igi ńlá kò bò, tí ọ̀nà mọ́tò dé. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, níbi gbogbo tí mo mọ̀, oko ẹnìkan ni.

A rìn kúrò lẹ́bàá ọgbà, a tẹ̀ lé wáyà iná ńlá tó gbé iná jáde. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ́lé sábẹ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn obìnrin ti sọ abẹ́ rẹ̀ di oko. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù. Ilá wà láàárín rẹ̀, ata náà wà, ewé ọ̀dùnkún sì ti fà bo ìdí òpó irin kan débi pé a kò rí kọnkéré ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Obìnrin kan tó ti dàgbà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi àdá tó ti jẹ tán tú ìdí ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gbọ́n fi Faransé kí i, ó pè é ní Tantí gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Mo ní kó bá mi béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Obìnrin náà kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó nàró, ó fi àdá tọ́ka sí wáyà lókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Nígbà tó yá ló wá sọ pé ọjọ́ tí àwọn oníná bá fẹ́ ilẹ̀ wọn, wọn yóò ro ó mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ka ìdí ẹ̀gẹ́ òun.

Ẹ̀gẹ́ yẹn kì í pẹ́ di attiéké. Ní àgbàlá kan nínú abúlé, wọ́n ń bó o, wọ́n ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú epo pupa díẹ̀ àti magnan, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti sè tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fún omi rẹ̀ jáde bíi ti gàrí, àmọ́ wọn kì í yan án. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rà á di hóró wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a díẹ̀, wọ́n á fi ooru omi sè é. Ní oṣù Kejìlá 2024, UNESCO kọ ìmọ̀ iṣẹ́ yìí sínú ìwé àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ti gba ìwé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sí kò ní ìwé kankan.

Òkè àríwá ni wọ́n ń tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sí, kì í ṣe Àbíjàn, torí pé oòrùn ibẹ̀ mú ju ti etí òkun lọ. Ní Boundiali, ilé iná oòrùn ńlá àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà, tó ní mẹ́gáwáàtì 37.5, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú owó ilẹ̀ Jámánì àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Wọ́n ṣí i ní 2024. Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìjọba ti pinnu pé kí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún iná jẹ́ èyí tí kì í tán kó tó di 2030. Ilẹ̀ òwú àti kajú ni àríwá yẹn, Côte d'Ivoire ló sì ń mú kajú jáde jù lọ láyé. Ìlú ńlá tó wà ní gúúsù ló ń jẹ iná jù.

Gbígba ilẹ̀ àgbẹ̀ nítorí iná kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sé odò Bandama ní Kossou ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, omi bo oko àti abúlé àwọn Baoulé, ó sì ju 70,000 ènìyàn lọ tó ṣí nípò. Ààrẹ Houphouët-Boigny tó ṣe é, ọmọ Baoulé ni òun náà. Ní 2015, oko rọ́bà ilé-iṣẹ́ Siat ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Famienkro, ẹ̀mí sì bá a lọ. Rọ́bà kì í ṣe oòrùn, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni: ta ló fọwọ́ sí i?

Àwọn òyìnbó tó ń wá ta pánẹ́ẹ̀lì fún wa mọ ìjà yìí dáadáa nílé tiwọn. Ní Lincolnshire àti Rutland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará abúlé gbógun ti ilé iná oòrùn Mallard Pass, mẹ́gáwáàtì 350. Ìjọba ṣì fọwọ́ sí i ní oṣù Keje 2024. Ní ọdún kan náà, Ítálì ká àwọn tó ń to pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ oko lọ́wọ́ kò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àgbẹ̀ Boundiali ní ọ̀tá ìdàgbàsókè bó bá béèrè ọ̀rọ̀.

Òfin ilẹ̀ oko ti 1998 sọ pé ìjọba àti ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ní in. Àṣẹ ìjọba ti 2013 sì ṣètò owó tí wọ́n ń san fún ẹ̀tọ́ àbáláyé bí ìjọba bá gba ilẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ olórí ẹbí ló ń gba owó ilẹ̀. Ìyàwó tó ń gbin ẹ̀pà sáàárín kajú, àti àlejò láti Burkina tó ń dáko pín, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Owó ìdí kajú kan kò sì lè dọ́gba pẹ̀lú igi tó lè so fún ọgbọ̀n ọdún.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi pánẹ́ẹ̀lì kún òrùlé. Nígbà tí a ń padà lórí ọ̀sà, páànù ilé ìkẹ́rùsí ní apá èbúté ń kọ mànà, ó lọ rẹrẹẹrẹ, kò sì sí ẹ̀gẹ́ kankan lórí rẹ̀. Wọ́n á ní òrùlé wọ́n ju ilẹ̀ lọ, òótọ́ ni. Ó wọ́n fún ilé-iṣẹ́, nítorí ẹlòmíràn ló ń san owó ilẹ̀ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju oko lọ, kí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì ga kí ewébẹ̀ lè hù lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ní Illoulofin, lágbègbè Pobè ní Bẹ̀nẹ̀, lórí ilẹ̀ Nàgó, ilé iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 25 ti wà láti 2022. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ bàbá yín tẹ́jú ní Kétu, ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Èjìgbò fúnra rẹ̀, àwọn oníná yóò wá bá yín. Kí ẹ tó tẹ ìka, ẹ béèrè iye ọdún, ẹ béèrè ẹni tí yóò kó irin rẹ̀ kúrò bó bá gbó, kí ẹ sì pe àwọn obìnrin tó ń dáko níbẹ̀ wá sí ìpàdé kí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà.