Ọ̀bẹ kékeré tó ń ka lẹ́tà inú ara

Ẹ bu iṣu sísè díẹ̀ sẹ́nu, ẹ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu láì gbé e mì. Láìpẹ́, yóò máa dùn bí ẹni pé ẹ fi ṣúgà sí i. Kí ló fà á? Ohun tín-ín-tín kan wà nínú itọ́ wa tó ń gé iṣu náà wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní enzyme.

Enzyme tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í gé iṣu. ADN ni ó ń gé. ADN ni okùn tín-ín-rín inú ara, níbi tí a kọ bí ara yóò ṣe rí sí. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, T, C àti G. Okùn méjì ló lọ́ mọ́ra. Ṣúgà àti fọ́sífétì ló so lẹ́tà kan mọ́ èkejì. Ẹ rántí P tó wà nínú ajílẹ̀ NPK tí a ń fọ́n sí oko òwú.

Báwo ni enzyme ṣe ń gé e? Kò ní eyín, kò sì ní ojú. Kòtò kan wà lára rẹ̀ tí okùn náà ń wọ̀. Ó ń yọ̀ lọ lórí okùn. Níbi tí àwọn lẹ́tà bá ti bá kòtò náà mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu, ó dúró. Magnesium ràn án lọ́wọ́, ó ti omi bíńtín sí oríkèé fọ́sífétì, oríkèé náà sì já. Bakitéríà ló ni ọ̀bẹ yìí. Òun ni wọ́n fi ń gé fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ inú wọn.

Kí ló kan ará Bantè àti Savalou níbẹ̀? Fòníkú-fọ̀la-dìde ni, tí wọ́n ń pè ní drépanocytose ní ilé ìwòsàn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fà á. Níbi tí ADN ẹlòmíràn ti ní CCTGAGG, ti aláìsàn ní CCTGTGG. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé, á dí ọ̀nà, egungun á sì máa dùn ún. Ní 1982, àwọn onímọ̀ lo enzyme tó ń jẹ́ MstII. Ó ń gé èyí àkọ́kọ́, kì í gé èkejì. Ègé kúkúrú, bí lẹ́tà 1150, ni ti AA. Ègé gígùn, bí 1350, ni ti SS. AS ní méjèèjì, nítorí ohun tí bàbá fún un yàtọ̀ sí ti ìyá.

Ní 1984, Josée Pagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ wo ADN àwọn ènìyàn Benin, Senegal àti Centrafrique. Àyíká ibi tí lẹ́tà náà ti yí padà kò jọra. Irú tiwa ni ìwé gbogbo ayé ń pè ní «Benin» títí di òní.

Ní ìparí 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tuntun kan, Casgevy. Cas9 ni ọ̀bẹ rẹ̀, ARN kékeré kan ló sì ń júwe ibi tí yóò gé fún un. Kò tún lẹ́tà yẹn ṣe o. Ibòmíràn ló ń gé, kí ara lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Kajú mélòó ni a ó tà?

Èyí tí ọwọ́ wa tó ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ électrophorèse. Kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe é kí a tó gbé ìdána. Bí AS bá fẹ́ AS, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS. Kì í ṣe pé ọmọ kẹrin ni: àkọ́bí lè jẹ́ ẹ, àbúrò rẹ̀ náà lè jẹ́ ẹ. Bàbá àti ìyá ló sì jọ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé ìyàwó, ẹ má sì fi abẹ kọ ọmọ lára pé àbíkú ni.

Ọmọ SS tó ti wà nílé ńkọ́? Kí ó máa mu omi púpọ̀, kí ó máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.