Ẹ̀fọ́rí tó ń fọ́ obìnrin lójú: Wọ́n ti ń fi iṣẹ́ abẹ inú wò ó!

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn obìnrin tó sanra, tí wọ́n ṣì ń bímọ, ló kàn jù, ṣùgbọ́n kí àwọn ọkọ wọn náà jókòó tì í kí wọ́n gbọ́.

Ká mú un pé obìnrin kan ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ ọdún 32 ni, ọmọ méjì ló ti bí, ara ẹ̀ sì ti gbà á dáadáa, kìlò 110 ló wọ̀n. Tó bá ń kọjá lọ lọ́jà, ohun tí wọ́n ń sọ sí i ni pé, “Àǹtí, ẹ ti sanra o, owó ti dé nìyẹn!” Inú ẹ̀ á sì dùn, torí l'Ókè-Ògùn tiwa, ẹni tó bá rù ni wọ́n máa ń bi pé kí ló dé. Àfi bí ẹ̀fọ́rí ṣe dé. Kì í ṣe irú èyí tí Panadol ń lé lọ o. Tó bá bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, ojú ẹ̀ á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á tún là. Lóru, á máa gbọ́ ariwo “fùú, fùú” nínú etí, bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù gan-an ni ariwo náà ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kẹ́mííìsì pé ibà ni. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò ga. Ìyá ọkọ ní ayé ló ń ṣe é. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ojú òsì ò ríran dáadáa mọ́.

Kì í ṣe ayé rárá. Omi kan wà tó yí ọpọlọ ká, òun ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ máa gbá mọ́ agbárí. Ojoojúmọ́ ni ara ń ṣe tuntun, tó sì ń fa ti tẹ́lẹ̀ padà. Tí èyí tó ń wọlé bá ti ju èyí tó ń jáde lọ, wàhálà dé nìyẹn, torí agbárí kì í fẹ̀. Omi náà á máa ti ọpọlọ, á máa ti iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ, iṣan yẹn á sì wú. Tí wọn ò bá tètè rí i, ojú lè fọ́ pátápátá, kó má sì là mọ́. Dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Quincke, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ láti 1893, síbẹ̀ wọn ò tíì rí gbòǹgbò ẹ̀ délẹ̀. Èyí tí wọ́n mọ̀ dájú ni pé àwọn obìnrin tó sanra ló ń mú jù.

Oògùn náà lè fà á o. Tetracycline, kápúsù onípupa-àti-yẹ́lò tí gbogbo èèyàn ń rà láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, wà lára wọn. Àwọn tó ń lo oògùn kí wọ́n lè sanra (ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n pọ̀ nígboro), tí stẹ́rọ́ìdì wà nínú ẹ̀, tí wọ́n wá ṣíwọ́ lójijì, ó lè mú àwọn náà.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, iná kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wo ẹ̀yìn ojú. Wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe kókó ló wà níbẹ̀, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gba omi díẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, kí wọ́n fi wọn agbára tó fi ń ti nǹkan. Tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ó ti ga. Oògùn Diamox máa ń ràn án lọ́wọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún èèyàn 165 ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014, fi hàn pé ojú àwọn tó lò ó, tí wọ́n tún ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, sàn ju ti àwọn tó kàn ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ lọ.

Ṣùgbọ́n tí ara ò bá fọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ti wọlé, inú ni wọ́n sì ń ṣe é sí, kì í ṣe orí. Wọ́n á gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ sí kúrò, ìyókù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òkìtì ọkà tí Àǹtí ń jẹ tẹ́lẹ̀, ṣíbí mélòó kan á ti yó o. Àwọn dókítà Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó obìnrin 66 tó ní àìsàn yìí jọ. Wọ́n yan iṣẹ́ abẹ fún ìdajì, wọ́n ní kí ìdajì yòókù lọ sí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fọ̀n. Ní 2021 tí èsì jáde, lẹ́yìn ọdún kan, ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kúrò ní nǹkan bíi 35, ó dé 32 péré, ti àwọn oníṣẹ́ abẹ já wálẹ̀ dé 26. Wọ́n tún rí i pé kí omi náà tó padà sí bó ṣe yẹ, èèyàn ní láti fi bíi ìdá 24 nínú 100 fọ̀n. Fún Àǹtí wa, kìlò 26 nìyẹn. Ta ló fẹ́ fi ẹnu dídì nìkan fọ kìlò 26 dànù?

A ò ní parọ́ fún yín, iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tiẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà, ojú ibi tí wọ́n rán lè jò. Títí ayé lèèyàn á máa lo fítámì, wọ́n sì máa ń ní kí obìnrin má lóyún fún ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ń ṣe é l'Ékòó àti l'Ábújà, mílíọ̀nù ni wọ́n sì ń kà. Ẹni tó bá tún fọ̀n tán, kó múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ ọjà: “Àǹtí, ẹ ti rù o, ṣé kò sí?”

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ojú ti ń ṣú fún má dúró de mílíọ̀nù o. Láti Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, dókítà ojú tó bá sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kẹ́ ẹ ní kó wo ẹ̀yìn ojú yín. Tó bá rí i pé ó wú, kẹ́ ẹ gbọ̀nà UCH n'Íbàdàn lọ́jọ́ náà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹkù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962. Kẹ́ ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi ń sanra.