Ọjọ́ tí WhatsApp dákú: Ọ̀nà wo ló kù tí oníṣòwò yóò fi bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Nígbà tí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ lu kọjá díẹ̀ ní Nàìjíríà ni Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé, ó sì tó bíi wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó jí. Ẹni tó ń fi WhatsApp bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ lè fọwọ́ lẹ́rán kó máa wòye. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ kò sí níbòmíràn ju inú ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp lọ, ojú rẹ̀ rí nǹkan lọ́jọ́ náà.

Kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter, ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i padà. Ọ̀kan bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ìjọba ló ti èkejì pa, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ló jẹ oníṣòwò: ilé onílé ló pàtẹ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni àárín àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá àti Tincan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2024, iye tí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè fi ń ṣírò dọ́là kan kí wọ́n tó mọ owó orí ẹrù fò láti nǹkan bíi 952 náírà sí 1,356 náírà. Kí oṣù náà tó parí, ó tún yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, títí Báńkì Àpapọ̀ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 23 pé iye tó wà lọ́jọ́ tí oníṣòwò ṣí Fọ́ọ̀mù M ni kí wọ́n lò títí ẹrù náà yóò fi jáde. Ajẹ́ńtì tó ní ogójì oníbàárà ní láti pe ogójì ènìyàn nígbàkígbà tí iye náà bá yí padà. Kó tó pe ẹni ogún, àhesọ ti dé ọ̀dọ̀ ogún tó kù. Ẹni tó kó owó wá lórí ìṣirò àná yóò máa rò pé ajẹ́ńtì fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ti wà fún irú ìkéde báyìí tipẹ́. RSS ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Netscape ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1999. Nígbà tí wọ́n sì ń tún un ṣe ní ọdún 2000, Aaron Swartz, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Fáìlì kan ni, orí ìkànnì oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé. Bó bá ti kọ ìkéde tuntun, àkọlé rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti àdírẹ́sì ojú ewé rẹ̀ yóò wọ inú fáìlì náà. Oníbàárà yóò ní áàpù kan lórí fóònù, bíi Feedly tàbí Inoreader, yóò fún un ní àdírẹ́sì fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ìgbà náà, áàpù yóò máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni ń rán ọmọ lọ sí ẹnu-ọ̀nà ajẹ́ńtì lóòrèkóòrè, pé kó lọ wo ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. Ajẹ́ńtì kò ní láti mọ nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni, kò sì sí iléeṣẹ́ kankan láàárín tí yóò pinnu ẹni tó máa rí ìkéde àti ẹni tí kò ní í rí i.

Nígbà tí Google ti Google Reader pa ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2013, ọ̀pọ̀ rò pé RSS kú nìyẹn. Kò kú. Àwọn tó ń lò ó kó àdírẹ́sì wọn lọ sí áàpù mìíràn, RSS náà ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ ètò podcast tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ lórí fóònù títí dòní.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní in láìmọ̀. Ẹni tó fi WordPress kọ́ ìkànnì rẹ̀, kó fi /feed/ kún ẹ̀yìn àdírẹ́sì ìkànnì náà. Àfi bí ẹnìkan bá ti pa á ni kò ní í bá a níbẹ̀.

Gbangba ni fáìlì náà wà o. Gbèsè oníbàárà, nọ́ńbà kọ̀ńténà rẹ̀ àti iye tí wọ́n jọ dúnàádúrà sí kò gbọdọ̀ débẹ̀. Iye dọ́là tuntun, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹrù tó kàn àti ohun tí oníbàárà ní láti ṣe, ìyẹn tó. Àwòrán òdòdó àti “ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n” lè dúró sórí WhatsApp.

Òtítọ́ ni pé ìyá tó ń tajà ní Balógun lè má fẹ́ gbọ́ orúkọ Feedly sétí. Ẹ̀rọ wà tí yóò sọ ìkéde inú fáìlì náà di lẹ́tà orí ímeèlì tàbí iṣẹ́ lórí Telegram fún irú wọn, ajẹ́ńtì náà sì lè máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí WhatsApp bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bó bá ṣáà ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí ìkànnì ara rẹ̀. Kìkì pé ọdọọdún ni wọ́n ń san owó orúkọ ìkànnì, ẹlòmíràn sì lè ra orúkọ tí olówó rẹ̀ bá gbàgbé láti san owó rẹ̀.