Wíwá Ẹ̀yà Ìjánu fún Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́: Datsun 240Z Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìjánu ọkọ̀ mu gan-an, nítorí pé ẹ̀yà kékeré àti ẹ̀yà ńlá ló jọ ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí ọkọ̀ tó lè dúró. Ìjánu yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréèkì. Bí ọkọ̀ kan bá ti di ti àtijọ́, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ mọ́, ẹni tó ni ín lè wá ẹ̀yà bíréèkì títí kó sú u. Nígbà náà ni yóò máa wo ti ọkọ̀ mìíràn. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé ni bí a ṣe ń wá irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí ẹ̀yà tó wọ ojú ihò bóòtù fi lè má bá ọkọ̀ mu. Ẹ̀mí ènìyàn ló wà nídìí ìyàtọ̀ yìí.

Ọkọ̀ náà àti bíréèkì rẹ̀

Ilé iṣẹ́ Nissan ní ilẹ̀ Japan ló ṣe Datsun 240Z. Ó jáde sí ọjà ní ìparí ọdún 1969, wọ́n sì ń ṣe é títí di ọdún 1973 kí 260Z tó rọ́pò rẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà.

Dísìkì ni bíréèkì ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń lò. Irin pẹrẹsẹ bí àwo ni dísìkì, ó sì ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Kálípà ń di dísìkì yìí mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ṣe ń di irin gbígbóná mú, páàdì méjì ló sì fi ń fún un. Písítìnì kọ̀ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kálípà náà. Ní ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, dúrọ́ọ̀mù tó fẹ̀ ní íǹṣì 9 ló wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo bí ìkòkò, ṣúù méjì tó wà nínú rẹ̀ ni òróró sì ń tì síta láti fi ara há ògiri rẹ̀.

Blaise Pascal, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé láti ọdún 1623 sí 1662, ló ṣàlàyé òfin tí gbogbo èyí dúró lé. Bí a bá tẹ ohun olómi tó wà nínú ohun tí a dé pa, ìtẹ̀ náà yóò dé ibi gbogbo ní dọ́gbadọ́gba. Másítà ni awakọ̀ ń fi pẹ́dà tẹ̀. Písítìnì inú másítà 240Z fẹ̀ ní íǹṣì 7/8, ti kálípà sì fẹ̀ ní íǹṣì 2 1/8. Nítorí pé ojú písítìnì kálípà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti másítà, agbára tó ń jáde níbẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni agbára yìí: písítìnì kékeré gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà jíjìn kí ńlá tó sún díẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń wá ẹ̀yà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí a wò ni ara ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kálípà tó ti gan lè má tíì bàjẹ́; bí a bá tú u, tí a fọ̀ ọ́, tí a sì pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀ àti písítìnì tó ti dípẹtà, ó lè tún ṣiṣẹ́. Bí inú másítà bá ti jẹ, àwọn oníṣẹ́ irin lè gbẹ́ ẹ fẹ̀, kí wọ́n sì ki ọ̀pá bàbà tàbí irin tí kì í dípẹtà bọ inú rẹ̀ láti dá a padà sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀yà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, tó wà nínú páálí rẹ̀. Èyí ń fa ojú mọ́ra, àmọ́ rọ́bà kì í dúró de ènìyàn. Rọ́ọ̀bù bíréèkì tó ti wà nínú páálí láti ọjọ́ pípẹ́ lè ti sán láì tíì rí ojú títì rí. Irin ibẹ̀ lè ṣeé lò; rọ́bà rẹ̀ ni kí a pààrọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni tòkunbọ̀. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn 240Z le láti rí, nítorí pé àlùmíníọ̀mù ni ara rẹ̀, irin sì ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Bí irin inú yìí bá ti jẹ kọjá ìwọ̀n, kò sí bí a ṣe lè tún un rẹ́ mọ́. Wíwọ̀n ni a fi ń ra irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú lásán. Ẹni tó bá sì ń tú bíréèkì àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku rẹ̀, nítorí pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú páàdì àti ṣúù púpọ̀ ní ayé ìgbà náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kálípà Hilux lára 240Z

Ọ̀nà kẹrin ni kí a mú ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn. Èyí tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń tún 240Z ṣe ni kálípà Toyota Hilux tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1979 sí 1985. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ọkọ̀ akẹ́rù lè yá ọkọ̀ asáré ní ìjánu. Àṣírí rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ Sumitomo ló ṣe kálípà àwọn méjèèjì, ihò bóòtù wọn sì bára mu. Písítìnì mẹ́rin ló wà nínú ti Hilux dípò méjì.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kálípà Hilux ló yẹ. Èyí tí wọ́n kọ S12+8 sí lára ni ó wà fún dísìkì tínínrín bíi ti 240Z. Èyí tí wọ́n kọ S12W sí wà fún dísìkì tó nípọn. Bí a bá dè é mọ́ dísìkì tínínrín, písítìnì rẹ̀ yóò yọ jáde ju bó ṣe yẹ lọ bí páàdì bá ti ń jẹ. A tún ní láti gé lára páànù tó ń dí eruku, kí a sì tún páìpù òróró tẹ̀ kí ó má baà máa fara ha táyà.

Wíwọ̀ yàtọ̀ sí bíbámu

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, níbẹ̀ gan-an sì ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Kálípà onípísítìnì mẹ́rin yìí ń gba òróró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà pẹ́dà yóò máa wọlẹ̀ jìnnà. Àwọn kan ń fi másítà Datsun 280ZX, tí písítìnì rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 15/16, wo èyí sàn. Ìṣirò fi hàn pé òróró tí ó ń tì fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò bá fi kún agbára rẹ̀, ìtẹ̀ òróró yóò dín ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100. Pẹ́dà yóò le dáadáa, awakọ̀ yóò sì rò pé bíréèkì ti lágbára sí i, nígbà tó jẹ́ pé líle kọ́ ni agbára.

Ìdọ́gba iwájú àti ẹ̀yìn tún wà níbẹ̀. Bí iwájú bá gba agbára jù, táyà iwájú yóò kọ́kọ́ dúró gbagidi, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ ti ọwọ́ awakọ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dúró, ọkọ̀ lè fi ìdí yí po lójú títì. Ẹni tó bá fi kálípà ńlá sí iwájú gbọ́dọ̀ rí i pé dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ń ṣe ìpín tirẹ̀. Ó sì yẹ kí a rántí pé táyà ló di títì mú níkẹyìn. Bíréèkì àtilẹ̀wá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lágbára tó láti dá táyà dúró gbagidi. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, kálípà tó tóbi kò lè mú kí ọkọ̀ tètè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òróró náà kò ṣeé fojú kéré. Òróró bíréèkì tó wọ́pọ̀ máa ń fa omi mọ́ra. Ìlànà DOT 3 béèrè pé kí ìwọ̀n ooru tí yóò mú òróró tuntun hó má dín sí 205°C, àmọ́ bí omi bá ti wọ̀ ọ́, 140°C ni ìwọ̀n tí ìlànà náà béèrè. Bí òróró bá hó, atẹ́gùn ni awakọ̀ yóò máa tẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnnì kò sì gbọ́dọ̀ dé inú másítà láéláé, nítorí pé yóò mú kí rọ́bà ibẹ̀ wú.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé títún ti ọkọ̀ ṣe ló yẹ kó ṣáájú, kí á tó yá ti ẹlòmíràn. Bí yíyá bá di dandan, ìbéèrè kò gbọdọ̀ parí sí bóyá ẹ̀yà náà wọ̀. Ohun tó yẹ ní wíwọ̀n ni òróró tí ó ń gbà, ìpín iwájú àti ẹ̀yìn, àti bí dísìkì ti nípọn tó. Lẹ́yìn náà ni kí a fi eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dán ọkọ̀ wò níbi tí kò sí èrò. Aṣọ tó wọ ènìyàn tí kò bá a mu lè mú un tijú lóde. Ìjánu tó wọ ọkọ̀ tí kò bá a mu lè mú ẹ̀mí lọ.