Ṣé o mọ̀? Owó wáyà kọ́ ló ń mú ohùn dùn

Ní ọdún 2007, James Randi, onídán ará Amẹ́ríkà tó máa ń tú àṣírí ẹ̀tàn, fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ẹnikẹ́ni tó bá lè fi etí nìkan mọ wáyà sípíkà tí iye rẹ̀ lé ní 7,000 dọ́là yàtọ̀ sí wáyà lásán. Kò sí ẹni tó gba owó náà.

Iṣẹ́ wáyà ni kó gbé iná láti ara amplifier dé sípíkà láìjẹ́ kó ṣòfò lọ́nà. Wáyà bàbà oní 2.5 mm² tó gùn tó mítà 5 kì í dènà iná ju nǹkan bí 0.07 ohm lọ, bẹ́ẹ̀ sípíkà fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 8 ohm. Etí wo ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Wáyà tó tín-ín-rín tó sì gùn jù lè yí ohùn padà lóòótọ́, àmọ́ èyí tó nípọn ló máa tún un ṣe, kì í ṣe èyí tó wọ́n. Yẹ ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú: bí bàbà ibẹ̀ bá ti dúdú tàbí tí ó dẹ̀, ohùn á máa já. Gé e, bó o, kí o sì dè é le.