Ìpolówó Ìbò ní Ọjà Ńlá Warri: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Nígbàkígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú gbogbo wa ní ń rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Ọjà Ńlá Warri. Àwòrán àwọn olóṣèlú á bo ògiri ìsọ̀, ọkọ̀ tó ru ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa ké tantan lẹ́nu ọ̀nà, fìlà àti ẹ̀wù tí wọ́n tẹ orúkọ sí á sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń tajà níbẹ̀, tí a bá Itsẹkiri, Urhobo àti Ìjọ̀ gbé, a máa ń gba fìlà, a sì máa ń wòran. Bí ìdìbò bá tán, ẹni tó pín fìlà gbà pé òun kò jẹ wá ní gbèsè kankan mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lósù yìí nìyẹn. Bí ẹnìkan bá wà tí a gbà pé yóò la gọ́tà ọjà, tí yóò tún ọ̀nà ṣe, tí kò sì ní jẹ́ kí owó tíkẹ́ẹ̀tì máa pọ̀ lọ́rùn àwọn ìyá ọlọ́jà, ta ni yóò san owó ìpolówó rẹ̀? Èrò tiwa ni pé kí àwa mẹ̀kúnnù dá a ní kékeré kékeré, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì fi ṣe ìpolówó tí etí ọjà lè gbọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ní í wà lókè. Bí olówó kan ṣoṣo bá san gbogbo rẹ̀, olówó náà ni ẹni tó wọlé yóò máa dá lóhùn.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN ÀGBÀ TI RÍ

Ìdáwó fún òṣèlú kì í ṣe àṣà tuntun. Ní ọdún 1946, Herbert Macaulay, Nnamdi Azikiwe àti Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, gbéra lábẹ́ ẹgbẹ́ NCNC láti yí Nàìjíríà ká. Wọ́n ń wá owó tí àwọn aṣojú yóò fi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako òfin ìṣèlú tí Gómìnà Arthur Richards gbé kalẹ̀. Àìsàn kọlu Macaulay ní Kano, ó sì kú ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Owó tí ará ìlú dá lé ní £13,000. Ní 1947, aṣojú méje lọ. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Kò sí olówó kan tó lè la ẹnu sọ pé òun nìkan ló rán wọn níṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà dé, awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ná owó náà, ó sì ba ayọ̀ ìrìn-àjò náà jẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò ni kì í jẹ́ kí àwọn ọwọ́ náà já ara wọn sílẹ̀.

Ní ìdìbò gbogbogbòò ti 12 December 1959, nígbà tí Warri ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ẹgbẹ́ Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ohun tí ojú kò rí rí jáde. Hẹlikópítà ń gbé aṣáájú náà láti ìlú dé ìlú, ọkọ̀ òfurufú sì ń fi èéfín kọ̀wé sójú ọ̀run. Ẹnu ya àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìjókòó 73 ni ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ rí nínú 312. Ní 1962, Ìgbìmọ̀ Coker wádìí ọ̀rọ̀ owó, ó sì sọ pé owó ńlá tó ti ọ̀dọ̀ àjọ tí ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan dé àpò ẹgbẹ́ náà. A kò sọ èyí láti bú àgbà. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìpolówó tó bá wọ́n jù a máa sún ẹgbẹ́ dé ibi owó tí kì í ṣe ti ọmọ ẹgbẹ́.

Ohun kan wà lọ́dún náà tí kò wọ́n rárá: àmì ẹgbẹ́. Àpótí ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ Ọ̀pẹ, ó sì mọ Àkùkọ NCNC. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

BÍ A Ó ṢE DÁ OWÓ NÁÀ

Èkíní, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò ẹgbẹ́ wa. Owó ìsìnkú, owó ìrànlọ́wọ́ aláìsàn àti owó ìwé àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni gbogbo wa ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó fi ìfẹ́ ara rẹ̀ dá a lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú burúkú wo ẹni tí kò dá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba, ẹ ṣọ́ra: òfin ilé iṣẹ́ ti 2020 sọ pé ilé iṣẹ́ kò ní agbára láti fi owó rẹ̀ ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ.

Èkejì, kí orúkọ wà lórí gbogbo kọ́bọ̀. Òfin ìdìbò ti 2022, nígbà tó wà lójú ìlò, kọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú láti gba owó tí a kò mọ ẹni tó ni í. Nígbà náà, ó fi ₦5 mílíọ̀nù ṣe òpin ohun tí ẹni tí ń du ipò káńsẹ́lọ̀ lè ná, ₦30 mílíọ̀nù fún alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ó sì ní ẹnìkan kò gbọdọ̀ fún olùdíje ju ₦50 mílíọ̀nù lọ. Kí akọ̀wé ka òfin tó bá wà lójú ìlò nígbà ìdìbò kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òṣèlú láti ọ̀hún. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé owó tó bá ti òkè òkun wọ ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ kó o fún àjọ INEC láàárín ọjọ́ 21. Fóònù pàápàá ní òfin tirẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, nígbà tí ẹgbẹ́ APC ní kí ará ìlú máa fi ₦100 ránṣẹ́ láti orí fóònù, àjọ NCC ní kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù dá a dúró.

Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe jù ni àjọ dídá. Bí 200 èèyàn bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, ₦800,000 nìyẹn. Kí akápò máa gbà á, kí akọ̀wé máa kọ ọ́, kí ẹlòmíràn máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì lẹ ìṣirò náà mọ́ ibi tí gbogbo olùdáwó ti lè kà á.

KÍ NI A Ó FI OWÓ NÁÀ ṢE?

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ọjà ti rí. Ìyá tí ń wọn gàrí, tí ń ka owó, tí ń ṣọ́ ẹrù, ojú rẹ̀ kò gbélẹ̀ láti ka pátákó. Etí rẹ̀ nìkan ló ṣófo. Nítorí náà, ohùn ni kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Kí a gba ohùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó kúrú, kí ó sì wà ní èdè Písìn, Itsẹkiri, Urhobo, Ìjọ̀ àti Yorùbá. Ìbátan Yorùbá ni èdè Itsẹkiri, ṣùgbọ́n kí a má tìtorí ìyẹn rò pé ti wa ti tó fún wọn. Ẹni tó ni èdè ni kí ó sọ ọ́. Ohùn kan náà ni a ó lò lórí ọkọ̀, lórí rédíò àti lórí WhatsApp. Àwọn tó ti dàgbà nígbà ìdìbò June 12, 1993 yóò rántí bí orin ìpolówó MKO Abíọ́lá àti ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ṣin ṣe wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ọ̀nà tí rédíò gbà ń gbowó ni pé ìgbàkígbà tí ohùn náà bá jáde ni a ó san. Ó sàn kí a ra àkókò díẹ̀ ní àárọ̀ tí ọlọ́jà ń pàtẹ, ju kí a rà púpọ̀ ní ọ̀sán tí ariwo ọjà bo rédíò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ohùn ni àmì. Nínú ìwé ìbò INEC, orúkọ àti àmì ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ olùdíje, kò sí àwòrán rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wo àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀: ojú olóṣèlú tóbi bí àtẹ, àmì ẹgbẹ́ kéré bí owó ẹyọ. Owó ṣòfò nìyẹn. Kí àmì tóbi ju ojú lọ.

Ẹ sì wo ojú ọjọ́. Fún ìdìbò 25 February 2023, ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ní 28 September 2022, nígbà tí òjò Warri kò tíì dá. Bébà tí a bá lẹ̀ lásìkò bẹ́ẹ̀, gọ́tà ni yóò bá a lọ. Kí a fi bébà pamọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onísọ̀ kí a tó lẹ ohunkóhun. Ní ti pátákó ńlá lójú títì, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó. Fìlà àti ẹ̀wù kì í sọ ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe fún ọjà.

ẸYIN LỌ̀RỌ̀

Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ìlú tí a wà yìí ti rí ìjà lórí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti wọ́ọ̀dù, ní 1997 nígbà tí wọ́n ṣí olú ìlú Warri South-West kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, àti ní 2003 nígbà ìdìbò. Ilé jó, ẹ̀mí sọnù, ọjà tì. Òfin 2022 ti kọ ọ̀rọ̀ èébú tó lè dun ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn kan nínú ìpolongo, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, àṣà wa ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Warri ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní Warri, a kò sì gbọdọ̀ tijú rẹ̀. Gọ́tà tó kún kì í béèrè èdè kí ó tó wọ ìsọ̀. Gọ́tà ni kí á sọ, kí á má sọ ẹ̀yà.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ìdílé. Àwọn olùdíje ti mọ ọ̀nà ibi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó wa. Bí wọ́n bá wá, kí á fún wọn ní àga àti oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kí á má fi orúkọ ọmọ tuntun gba báàgì tí a tẹ ojú olóṣèlú sí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ìpàdé ẹgbẹ́ ni kí ó wá, kí àwọn ìyá ọlọ́jà sì bi í léèrè.

A bẹ̀ yín, kí baálé àti ìyáálé ilé kọ̀ọ̀kan jíròrò ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀: ṣé kí á dá àjọ náà, ta ni ẹ fọkàn tán pé kí ó di ìwé rẹ̀ mú? Ìròyìn àwọn ọmọ tuntun, ìgbéyàwó àti àwọn tó re ilé wà ní ojú ewé tó tẹ̀lé e.